Àìdọ́gba Ìlù Ọkàn Ọmọ Inú: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n àti Ohun tí Ó Ń Sọ

Ní gbogbo ilé ìwòsàn tí aboyún ti ń gba ìtọ́jú ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìkòtún àti Ìgándò, nọ́ńbà kan wà tí nọ́ọ̀sì kì í fò dá bí ó bá ń kọ nǹkan sínú káàdì aboyún, nọ́ńbà náà sì ni iye ìgbà tí ọkàn ọmọ inú ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá kọ 140, ọkàn aboyún á balẹ̀, nítorí pé FIGO, àjọ àgbáyé fún àwọn dókítà aboyún, fi lélẹ̀ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2015 pé láti 110 dé 160 ni ìlù ọkàn ọmọ tí ara rẹ̀ le máa ń wà. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ọkàn ọmọ inú ti mọ̀ láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn pé ọmọ lè bọ́ sínú ewu kí 140 yẹn má sì yẹ̀, nítorí ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà ni àìdọ́gba ìlù náà, ìyẹn ni bí àlàfo tí ó wà láàárín ìlù kan àti èkejì ṣe ń gùn díẹ̀ tí ó tún ń kúrú díẹ̀ láìdúró sójú kan. Wíwọn àìdọ́gba yìí jẹ́ iṣẹ́ tí ó le ju kíkà lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ohun èlò tí ń gbé ìlù ọkàn jáde ni ó lè ṣe é.

Ọkàn wà lára àwọn ẹ̀yà ara tí ó máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ọlẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ ìkẹyìn, nígbà tí ẹlòmíràn kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé òun lóyún, ọkàn náà ti ń lù, ẹ̀rọ skáànù sì lè fi í hàn. Ìlù náà máa ń sún mọ́ 110 ní ìbẹ̀rẹ̀, á yára títí yóò fi tó nǹkan bí 170 ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, lẹ́yìn èyí ni yóò máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wà ní àyíká 140 nígbà tí oyún bá ti gbó. Ọkàn ní ibi kan nínú ara rẹ̀ tí ó ń dá ìlù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi lè máa lù kí ọpọlọ tó dàgbà tó láti darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ọpọlọ máa ń na iṣan ìfiránṣẹ́ sí i ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan láti mú un yára, èkejì, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní iṣan Vagus, láti dẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá ti wọ dánfó láti Ìkòtún lọ sí Ìgándò ní àárọ̀ Mọ́ńdè yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ awakọ̀ tí ojú rẹ̀ là kì í dúró sójú kan: ó ń fún ọkọ̀ níná, ó ń tẹ búrèkì, nítorí pé ọlọ́kadà já síwájú rẹ̀, tàbí kòtò yọ, tàbí èrò kan fẹ́ bọ́ sílẹ̀, bí ọkọ̀ náà bá sì ń sáré ní ìwọ̀n kan ṣoṣo láìyẹ̀ lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àfàìmọ̀ ni kí awakọ̀ máà ti sùn lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkàn ọmọ inú rí.

Iṣan Vagus yára níṣẹ́ púpọ̀, débi pé àṣẹ rẹ̀ lè dé ọkàn kí ìlù tí ó tẹ̀ lé e tó dún, nígbà tí iṣan kejì máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ipá rẹ̀ tó hàn. Nítorí náà, ìyàtọ̀ kéékèèké láàárín ìlù kan sí èkejì jẹ́ iṣẹ́ Vagus ní pàtàkì, ìlọsókè-sódò tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ sì jẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn méjèèjì. Bí ọmọ ṣe ń mira, bí ó ṣe ń gbé àyà sókè-sódò bí ẹni ń mí bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ni ó wà, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣàn, àti bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ náà, gbogbo rẹ̀ ni ìròyìn rẹ̀ ń dé ọpọlọ, gbogbo rẹ̀ sì ni ọpọlọ ń fèsì sí nípa dídarí ọkàn. Bí ọ́síjìn tí ń gba inú ibi ọmọ àti okùn ìwọ́ wọlé bá dínkù fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ á rẹ̀, èsì rẹ̀ á dínkù, ọkàn á sì máa lù ní ọgbọọgba, èyí tí ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àlàáfíà ni. A kò gbọdọ̀ retí kí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ṣe bíi ti ọmọ ogójì ọ̀sẹ̀, nítorí pé àìdọ́gba yìí máa ń pọ̀ sí i bí àwọn iṣan náà ṣe ń gbó. Fún ìdí èyí, kò sí ẹni tí ó lè túmọ̀ rẹ̀ láìmọ iye ọ̀sẹ̀ tí oyún jẹ́, ibi tí ọ̀pọ̀ nǹkan sì ti ń bàjẹ́ nìyí fún aboyún tí kò rántí ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ tí kò sì tètè ṣe skáànù.

Nípa etí ni wíwọn ìlù ọkàn ọmọ inú ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí Laennec, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, ti ṣe ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ àyà ní ọdún 1816, Kergaradec, ará ìlú rẹ̀, gbé e lé ikùn aboyún, ó sì kéde ní ọdún 1821 pé òun gbọ́ ọkàn ọmọ. Ní ọdún 1895 ni Adolphe Pinard ṣe ìwo kúkúrú tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, èyí tí àwọn agbẹ̀bí ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà ṣì ń lò, yálà ti igi, ti páànù tàbí ti ike. Edward Hon ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ etí nìkan nígbà tí ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1958 lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè máa kọ ìlù ọkàn ọmọ sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ní ọdún 1963 sì ni òun àti Lee, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwádìí, ṣàlàyé pé kí ìwọ̀n ìlù ọkàn ọmọ tí ìpọ́njú bá tó yẹ̀ rárá, àlàfo àárín ìlù rẹ̀ ti ń yí padà. Orí àkíyèsí yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e dúró lé.

Bí agbẹ̀bí bá fẹ́ lo ìwo Pinard, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì wá ibi tí ẹ̀yìn ọmọ kọ sí nínú ikùn, nítorí ibẹ̀ ni ìró ọkàn ti máa ń jáde dáadáa, yóò gbé ẹnu ìwo tí ó fẹ̀ lé ibẹ̀, yóò fi etí ti ẹnu kejì, yóò sì yọ ọwọ́ kúrò lára ìwo náà kí ariwo ọwọ́ má bàa dí i lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan á wà ní ọrùn ọwọ́ aboyún láti mọ bí ọkàn ìyá ṣe ń lù, nítorí pé ẹni tí ó bá ń kánjú lè ka ìlù ìyá kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti ọmọ, ojú rẹ̀ á sì wà lára aago fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìsúnkì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ó yẹ kí ó gbọ́ ọ, nítorí ìgbà náà ni ọkàn tí kò bá gbádùn máa ń falẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá sì ń dún, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn ń hó lójú títì, iṣẹ́ yìí kì í rọrùn. Sonicaid, bí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ṣe ń pe ẹ̀rọ Doppler kékeré tí ń lo bàtírì, mú ìyẹn rọrùn, nítorí ó ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọ inú ikùn, ó ń gba èyí tí ó ta padà lára ọkàn tí ń mì, ó sì ń sọ ọ́ di ìró tí gbogbo yàrá lè gbọ́, ìyá ọmọ pẹ̀lú.

Ìwo àti Sonicaid ń sọ ìwọ̀n ìlù. Wọn kò lè sọ àìdọ́gba rẹ̀, ìṣirò díẹ̀ sì tó láti fi ìdí rẹ̀ hàn. Bí ọkàn bá ń lù ní 140, àlàfo láti ìlù kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bí 429 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá gòkè dé 150, àlàfo náà á di 400. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ju 29 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ tí ó máa ń wà láàárín ìlù méjì tí ó tẹ̀ léra kéré sí èyí lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn agbẹ̀bí kan máa ń pín ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún kí wọ́n lè mọ̀ bí ìlù ṣe ń yí padà, ọgbọ́n náà sì dára fún mímọ ibi tí ọkàn ti falẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ọkàn tí ń lù ní 140 á fún un ní 11 tàbí 12, èyí tí ń lù ní 150 á sì fún un ní 12 tàbí 13, kò sì sí bí yóò ṣe fi ìyẹn mọ ọkàn tí ń ta kébékébé yàtọ̀ sí èyí tí ó ti dọ́gba.

Ẹ̀rọ CTG, tí ń kọ ìlù ọkàn ọmọ àti ìsúnkì sórí bébà, ni ó mú kí ojú rí ohun tí etí kò lè mú. Aboyún á jókòó tàbí kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò ní fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, nítorí pé ìwúwo ilé ọmọ lè tẹ iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn ìyá, kí ẹ̀jẹ̀ tí ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ sì dínkù. Wọ́n á fi bẹ́líìtì méjì yí ikùn rẹ̀ ká: ọ̀kan á di ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì pa mú síbi tí ọkàn ọmọ wà, èkejì á di èyí tí ń mọ ìsúnkì mú sí òkè ilé ọmọ. Bébà á máa yọ jáde, sẹ̀ǹtímítà kan ní ìṣẹ́jú kan ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ń lo ìwọ̀n ti Yúróòpù, kálámù á sì máa fa ìlà. Ìlà ọmọ tí ara rẹ̀ le kì í tẹ́jú. Ó máa ń rí págunpàgun, gíga-sísàlẹ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sì máa ń wà láàárín ìlù 5 àti 25 gẹ́gẹ́ bí ìlànà FIGO ti 2015. Bí ó bá wà lábẹ́ 5 fún ohun tí ó ju 50 ìṣẹ́jú lọ, wọ́n á kà á sí dídínkù. Bí ó bá ju 25 lọ fún ohun tí ó ju 30 ìṣẹ́jú lọ, ìyẹn náà kò dára. Ohun mìíràn tí ó ń tu dókítà nínú ni kí ìlà náà dédé ta sókè ní 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá 15 ó kéré tán, èyí tí ó sábà máa ń bá mímira ọmọ rìn. Ìlà kan tún wà tí ó máa ń lọ ní ìgbì jẹ́jẹ́, mẹ́ta sí márùn-ún nínú ìṣẹ́jú kan, tí ó dọ́gba débi pé ẹni tí kò gbọ́n sí i lè yìn ín. Irú rẹ̀ máa ń hàn lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, bíi ti ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ Rhesus òdì ń bá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jà.

Nínú kíka ìlà yìí ni iṣẹ́ ti le jù, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìlà tí ó tẹ́jú ni ewu. Ọmọ inú máa ń sùn, bí ó bá sì sùn fọnfọn, ìlà rẹ̀ á tẹ́jú fún 20 sí 40 ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn títí dé 50. Ẹni tí ó bá yọ ẹ̀rọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò tíì mọ nǹkan kan. Àṣà kan wà ní ọ̀pọ̀ ibi pé kí wọ́n fún aboyún ní mínírà dídùn mu kí ọmọ lè jí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán ṣúgà wò nínú ìwádìí, wọn kò rí i pé ó mú kí ìlà náà yí padà sí rere, nígbà tí ìró tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gbá sí ikùn máa ń jí ọmọ lóòótọ́. Oògùn náà ní tirẹ̀: àwọn oògùn ìrora tí ó bá pethidine tan, àti magnesium sulphate tí wọ́n fi ń dènà gìrì fún aboyún tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, lè mú ìlà tẹ́jú láìsí pé ọ́síjìn ọmọ dínkù. Ibà ìyá máa ń mú ọkàn ọmọ yára, àìdọ́gba rẹ̀ sì lè dínkù pẹ̀lú rẹ̀, èyí kò sì ṣọ̀wọ́n ní Èkó níbi tí ẹ̀fọn kò ti jẹ́ kí ibà jìnnà sí aboyún. Ní ti èrò àwọn tí ń sọ pé ọkàn tí ó bá yára jẹ́ ti obìnrin, tí èyí tí ó bá falẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin, ìwádìí kò gbè é lẹ́sẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, CTG kò tíì wọn àlàfo àárín ìlù kan sí èkejì ní tòótọ́. Ìró Doppler kì í ní ṣónṣó kan tí ó mú bérébéré, nítorí náà ẹ̀rọ náà máa ń fi ìlù bíi mélòó kan wéra kí ó tó yan nọ́ńbà, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ pa lára ohun tí wọ́n ń wá rẹ́. Ní Oxford, àwọn olùwádìí méjì, Geoffrey Dawes àti Christopher Redman, wá ọ̀nà kan gbà: wọ́n fi kọ̀ǹpútà pín ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3.75, wọ́n wá ìpíndọ́gba àlàfo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wọn ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí tí ó tẹ̀ léra. Nọ́ńbà tí ó jáde kì í dá lórí ojú ẹnìkan. Bí ó bá sì rẹlẹ̀ ju 3 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ, ọ̀rọ̀ ti di kánjúkánjú, pàápàá fún ọmọ tí kò dàgbà dáadáa nínú oyún tí kò tíì gbó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ àlàfo náà gan-an, iná mànàmáná inú ọkàn ni yóò wọ̀n. Max Cremer ti rí iná ọkàn ọmọ inú kọ sílẹ̀ láti ara ìyá ní ọdún 1906, ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó bá pàdé kò tíì tán: iná ọkàn ìyá ju ti ọmọ lọ fíìfíì, iṣan ikùn ń da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n títí di bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n sì ni ọ̀rá funfun tí ó bo ara ọmọ kì í jẹ́ kí iná náà jáde dáadáa. Kọ̀ǹpútà ní láti kọ́kọ́ mọ ìlù ìyá, kí ó yọ ọ́ kúrò, kí ó tó wá ti ọmọ nínú ìyókù. Nígbà ìrọbí, tí omi bá ti ya, wọ́n lè so wáyà kékeré kan mọ́ awọ orí ọmọ, èyí sì ni ó péye jù. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń dá ọgbẹ́ sí orí ọmọ, kò yẹ fún aboyún tí ó ní kòkòrò HIV. Ọ̀nà mìíràn ni ti ẹ̀rọ tí ń mọ agbára òòfà tí iná ọkàn dá sílẹ̀, èyí tí ó nílò yàrá àkànṣe tí òòfà ìta kò lè wọ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àwọn ilé ìwádìí díẹ̀ lágbàáyé nìkan ni ó ní in.

Kí ni gbogbo èyí jẹ́ fún aboyún tí ń gbé ní Akọ́wọ́njọ tàbí Ìdímù? Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó: ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2006 ka 1,277,714, ìjọba Èkó sì ka 2,047,026 ní ọdún kan náà, ìyàtọ̀ tí wọn kò tíì yanjú títí di òní. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò, àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé àti ti aládàáni wà káàkiri, ọ̀pọ̀ obìnrin sì ṣì ń bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ní ilé ìgbẹ̀bí àwọn ìjọ. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ọ̀nà Ìkẹjà, níbi tí Ayinke House, ilé ìwòsàn aboyún, wà, ni wọ́n sábà máa ń gbà, gbogbo ènìyàn sì mọ bí ọ̀nà náà ṣe ń rí ní ìrọ̀lẹ́. Ní irú ibi báyìí, ó rọrùn láti rò pé CTG ni ó yẹ kí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí kọ́kọ́ rà. Àgbéyẹ̀wò ọdún 2017 ti Cochrane, ẹgbẹ́ tí ń ṣàkójọ ìwádìí ìṣègùn, tí ó kó ìwádìí 13 jọ lórí àwọn obìnrin tí ó lé ní 37,000, kò ti èrò yẹn lẹ́yìn: gìrì ọmọ tuntun dínkù sí ìdajì lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fi CTG ṣọ́ láìdáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ikú ọmọ kò dínkù, àìsàn arọ tí ó jẹ mọ́ ọpọlọ kò dínkù, iṣẹ́ abẹ ni ó pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní ọdún 2018 pé, fún aboyún tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ìwo tàbí Doppler ni kí wọ́n máa fi gbọ́ ọkàn ọmọ, lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 nígbà ìrọbí gidi, àti ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nígbà tí ọmọ bá ń bọ̀ lọ́nà.

Fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ọmọ rẹ̀ kò dàgbà bó ṣe yẹ, tí omi rẹ̀ ti ya tipẹ́, tàbí tí oyún rẹ̀ ti kọjá ọjọ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àìdọ́gba ìlù ọkàn jẹ́ ohun tí ó yẹ kí wọ́n wò fún un, ní ilé ìwòsàn tí ẹni tí ó lè ka ìlà wà ní ọ̀sán àti ní òru, tí yàrá iṣẹ́ abẹ sì wà nítòsí. CTG tí kò sí ẹni tí ó lè kà á, tàbí tí iná máa ń lọ lórí rẹ̀ ní agbedeméjì, ń náni lówó láìṣe àǹfààní. Ohun tí ó ṣe kókó ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí ni kí agbẹ̀bí pọ̀ tó tí ẹnìkan á fi lè dúró ti obìnrin kan nígbà ìrọbí, kí Sonicaid àti bàtírì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ìgándò tàbí Ìkẹjà. Ní ti aboyún fúnra rẹ̀, bí ó bá ṣàkíyèsí pé ọmọ kò mira bó ṣe máa ń ṣe, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì ní kí wọ́n gbọ́ ọkàn ọmọ òun.